Dísìkì Ló Rẹ̀, Kì í Ṣe Kọ̀ǹpútà

  

Ẹ̀yin olùgbọ́ rédíò wa ní Abidjan, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká la fẹ́ sọ lónìí, àgàgà èyí tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Mo mọ̀ pé ó wà nílé ọ̀pọ̀ yín. Ẹ tàn án, ẹ lọ wẹ̀, ẹ wẹ̀ tán, ẹ padà dé, nǹkan roboto kan ṣì ń yí lójú rẹ̀. Ẹ tẹ ìwé kan kó ṣí, kò dá yín lóhùn. Ẹ tún un tẹ̀, ó dákẹ́. Nígbà tó máa wá jẹ́ yín, ìwé méjì ló ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ yín tó ń lọ sí Yunifásítì Nangui Abrogoua ti sọ pé òun kò lè fi ṣe iṣẹ́ mọ́, pé àfi kí ẹ ra tuntun fún òun. Ẹ̀yin náà ti ń ṣírò iye tí ọjà máa mú wọlé kí oṣù tó parí.

Ẹ má tíì ra tuntun. Nínú kọ̀ǹpútà tó ti lo ọdún mẹ́jọ, ọdún mẹ́wàá, ọdún méjìlá, ohun tó sábà máa ń fà á sẹ́yìn ni dísìkì inú rẹ̀, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní disque dur, tí àwa tí a ti Nàìjíríà wá ń pè ní háàdì dísìkì. Ọpọlọ rẹ̀ lè ṣì jí pépé. Ojú rẹ̀ lè ṣì mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá yọ dísìkì yẹn, tí ẹ fi irú tuntun tí wọ́n ń pè ní SSD sí àyè rẹ̀, kọ̀ǹpútà kan náà tó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin jí lè bẹ̀rẹ̀ sí í jí láàárín ìdajì ìṣẹ́jú. Owó rẹ̀ kò sì tó owó kọ̀ǹpútà tuntun rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti tètè sọ ọ́: títú síkúrù ni ibi tó rọrùn jù nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tó wà nínú dísìkì àtijọ́ ni iṣẹ́ gan-an.

Kí ló dé tí dísìkì àtijọ́ fi ń lọ́ra? Àwo pẹlẹbẹ kan tàbí méjì ló wà nínú rẹ̀, tó ń yí láìsinmi, ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan. Apá tín-ín-rín kan ń lọ ń bọ̀ lórí àwo náà. Kò kàn án, àmọ́ àlàfo àárín wọn kò tó fífẹ̀ irun orí kan. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fi gírámófóònù gbọ́ orin Hárúnà Ìṣọ̀lá, bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wá orin lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù nìyẹn. Apá inú dísìkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà, kó sì dúró kí àwo yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìrìn àti ìdúró yẹn, tí ẹ bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ́nà 1,000, ó ń gbà tó 15 nínú rẹ̀. Ó kéré létí, àbí? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ wò. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ibi tí apá yẹn lè dé kò ju nǹkan bí 65 lọ. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Windows bá ń jí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fọ́n ká gbogbo ojú àwo. Ẹ ò rí i pé dísìkì náà ò ya ọ̀lẹ. Eré ló ń sá láti òwúrọ̀, ọ̀nà ló jìn.

SSD kò ní àwo, kò ní apá, kò sí ohunkóhun tó ń yí nínú rẹ̀. Irú ohun tó ń tọ́jú fọ́tò sínú fóònù yín ló wà nínú rẹ̀. Láàárín ìgbà tí apá dísìkì oníàwo fi dé ibì kan ṣoṣo, SSD ti lè dé ibi tó lé ní 100. Bó bá jẹ́ fáìlì ńlá kan ṣoṣo ni, bíi fíìmù, dísìkì oníàwo ń ka nǹkan bí 100 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá, SSD tó ń lo ẹnu ìsopọ̀ tí wọ́n ń pè ní SATA ń ka tó 500. Nọ́ńbà fáìlì ńlá yìí ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára páálí, òun náà sì ni àwọn ọlọ́jà máa ń kà sí yín létí. Ti iye ibi tó lè dé ló ń mú kí kọ̀ǹpútà yá lọ́wọ́, òun ni kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ.

Ìtàn rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀. Ọdún 1956 ni iléeṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé dísìkì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà jáde. Àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ̀rọ náà wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Gbogbo ohun tó lè gbà kò ju lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi fóònù yà níbi ìkómọ lè kún un. Ní ọdún 1984, ọ̀mọ̀wé ará Japan kan, Fujio Masuoka, tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ṣàlàyé fún ayé bí a ṣe lè kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ègé ẹ̀rọ kékeré láìsí ohun tó ń yí, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì ní parẹ́ bí iná bá lọ. Ọ̀nà tó là sílẹ̀ yẹn ni flash tí ẹ so mọ́ kọ́kọ́rọ́ yín àti SSD tí à ń sọ yìí gbà wá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Abidjan níbí, sí ọjà Adjamé.

Ẹ mọ bí àwọn kọ̀ǹpútà yìí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa. Nílé, ní Nàìjíríà, tòkunbọ̀ là ń pè wọ́n. Níbí, France au revoir ni. Iléeṣẹ́ kan nílẹ̀ Faransé tàbí ní Jámánì á lò ó fún ọdún mélòó kan, á tà wọ́n lọ́pọ̀ yanturu, wọn á wọ kọ̀ntéínà, wọn á gba èbúté Abidjan wọlé, ó di ọjà Black Market ní Adjamé. Èyí tó ti ilẹ̀ Faransé wá, A rẹ̀ kò sí níbi tí ẹni tó kọ́ títẹ̀wé ní Ọ̀ṣogbo máa wá a sí, ibi tí Q yẹ kó wà ló jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú wa fi ń fi ọkọ̀ tó ń lọ Èjìgbò ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n bá wọn ra ti ọjà Ikeja ní Èkó bọ̀, kó gba Sèmè, gba Lomé, gba Accra, kó fi Noé wọlé. Kò burú. Dísìkì inú àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ síra.

Lára àwọn tòkunbọ̀ wọ̀nyí, àwọn tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì ni mo fẹ́ràn jù: Latitude ti Dell, EliteBook ti HP, ThinkPad ti Lenovo. Àwọn tó ṣe wọ́n mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á fẹ́ tú wọn. EliteBook 8460p tó jáde ní ọdún 2011, ẹ ò nílò síkúrù-díráfà láti ṣí ìdí rẹ̀, ẹ kàn máa ti ìdè kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, ìdérí á sì yọ. ThinkPad T420 tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà, síkúrù kan ṣoṣo ló dí ẹnu ibi tí dísìkì wà. Ẹ wá lọ wo àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń polówó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ti fi òjé jó ibi ìpamọ́ mọ́ pákó ẹ̀rọ náà, kò ṣeé yọ, kò ṣeé pààrọ̀. Ẹni tó bá ra irú ìyẹn, ọjọ́ tó bá kún ló parí. Kọ̀ǹpútà tó ti lo ọdún mẹ́wàá tó ṣeé tú sàn lójú mi ju tuntun tí kò ṣeé tú lọ, bí ẹ bá sì fẹ́, ẹ bá mi jiyàn lórí tẹlifóònù lẹ́yìn ètò yìí.

Kí ẹ tó lọ ra SSD, ẹ mọ irú èyí tí kọ̀ǹpútà yín ń gbà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí ọdún 2006 títí di 2016 ló ń gba dísìkì oníìnṣì 2.5 tó ń lo SATA. Ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, ọ̀nà ahọ́n méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan gùn ju ìkejì lọ. Bó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ rí lẹ́nu rẹ̀, ti ayé àwọn baba wa ni kọ̀ǹpútà yẹn, IDE ni wọ́n ń pè é. Ẹ má náwó lé e lórí. Bákan náà, SSD kan wà tó dà bí ègé ṣingọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ, M.2 ni orúkọ rẹ̀. Ó dára púpọ̀, ó máa ń yá ju ti SATA lọ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò síbi tí ẹ máa kì í bọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ọdún 2011. Bí ọlọ́jà bá ní ó máa wọ̀ ọ́, ẹ ní kó ki í bọ̀ ọ́ lójú yín.

Nínípọn tún wà níbẹ̀. Dísìkì àtijọ́ sábà máa ń nípọn tó mílímítà 9.5, SSD kò ju mílímítà 7 lọ. Ó lè máa mì nínú ihò rẹ̀, ẹ fi férémù rọ́bà tí wọ́n sábà máa ń fi kún páálí rẹ̀ ká a. Ọmọ ìyá T420 kan wà, X220, tó jẹ́ pé mílímítà 7 gan-an nìkan ló ń gbà, torí náà SSD bá a mu rẹ́gí.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà yín ti pẹ́ jù, pé SATA inú rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, kò lè bá SSD òde òní sáré. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. SATA ìran kejì kò lè gbà ju nǹkan bí 280 mẹ́gábáìtì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá, ó lé díẹ̀ ní ìdajì agbára SSD nìyẹn. Àmọ́ ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa fáìlì kéékèèké. Ìdúró yẹn á kúrò síbẹ̀síbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín á sì rí i.

Ní ti ríra, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ayédèrú SSD wà lọ́jà, ó wà ní Adjamé, ó wà ní Ikeja, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tú páálí, ẹ rí SSD dídán, kọ̀ǹpútà ní tẹ́ràbáìtì kan ni. Inú rẹ̀, flash kékeré kan ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n sì kọ́ ọ ní irọ́ pípa. Ọjọ́ tí ẹ kó fáìlì sínú rẹ̀ kọjá bó ṣe tó, á máa gbà á bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, ti tuntun á sì máa tẹ ti àtijọ́ rẹ́. Owó tó bá kéré jù lọ́nà tó ya ènìyàn lẹ́nu ni àmì àkọ́kọ́. Fún àmì kejì, ẹ ní kí ọlọ́jà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kan níwájú yín, kó ṣí ètò CrystalDiskInfo, ọ̀fẹ́ ni. Á fi orúkọ rẹ̀ hàn yín, àti ìlera rẹ̀, àti wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní tuntun ni, tí ẹ rí wákàtí 20,000 níbẹ̀, ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru nìyẹn, ẹ dìde. Bí ẹ bá délé, ẹ fi ètò H2testw dán an wò kó tó di pé ẹ kó ohunkóhun sí i. Á kọ ọ́ kún dẹ́nu, á sì kà á padà, irọ́ á sì hàn.

Owó rẹ̀ ń lọ sókè sódò, mi ò ní dá iye kan lé yín lórí. Ní ọdún 2011, àkúnya omi bo àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe dísìkì ní Thailand, owó dísìkì sì fò sókè kárí ayé, títí dé ṣọ́ọ̀bù tí kò mọ ibi tí Thailand wà. Nítorí náà, ẹ béèrè ní ṣọ́ọ̀bù méjì, mẹ́ta lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ. SSD gígábáìtì 240 tó fún ẹni tó ń tẹ ìwé, tó ń wo fídíò, tó ń ka íméèlì. Oní-fídíò tó ń ya ìgbéyàwó, kó wá 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sún mọ́ yín, torí ibi tí mo ń lọ nìyí.

Kí ló wà nínú dísìkì àtijọ́ yín? Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Àwa ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ànàgó nílùú yìí, kò sí ìlú tí a ti wá tí kò ní ẹgbẹ́ níbí, Èjìgbò o, Ògbómọ̀ṣọ́ o, Ìwó o, Ọ̀fà o. Owó tí ẹgbẹ́ ń dá lóṣooṣù, ta ló san, ta ló jẹ, iye tí a fi gbé òkú lágbájá délé, ta la yá lówó nígbà tí ọjà rẹ̀ jóná, gbogbo rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà ẹnì kan ṣoṣo. Tẹ́lẹ̀, ìwé ńlá ni, ó wà nínú àpótí, alága mọ ibi tó wà. Nígbà tí a wá sọ ọ́ di ti kọ̀ǹpútà, gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún ọ̀làjú, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí ẹ̀dà kejì wà. Ẹ̀yin alága, ẹ béèrè ní ìpàdé tó ń bọ̀. Bí akọ̀wé bá ní ó wà nínú flash, ẹ ní kó mú flash náà jáde kó ṣí i lójú gbogbo yín.

Bó ṣe rí nínú ilé náà nìyẹn. Fọ́tò ìyá yín tí ẹ sin sí itẹ́ òkú Williamsville. Ìwé àpilẹ̀kọ tí ọmọ yín ti ń kọ láti ọdún tó kọjá. Ohùn bàbá àgbà tí ẹ gbà sílẹ̀ nígbà tó ń ki oríkì ilé yín. SSD tuntun kò lè dá ìkankan nínú wọn padà. Nítorí náà, kí síkúrù-díráfà tó kan kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ̀dà méjì ni kó wà níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan sì wà ní ilé mìíràn. Ẹ má sì kàn wo orúkọ fáìlì níbi tí ẹ dà á kọ sí kí ẹ ní ó ti parí. Ẹ ṣí díẹ̀ nínú wọn. Ẹ wo fọ́tò. Ẹ gbọ́ ohùn.

Bí dísìkì àtijọ́ bá ti ń dún kọ́, kọ́, kọ́, tàbí tí kọ̀ǹpútà ń dá dúró tó bá dé fáìlì kan, ẹ má ṣe tàn án pa á, tàn án pa á láti wò ó bóyá ó ti sàn. Kò ní sàn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án, ẹ ń ná lára ìwọ̀nba ẹ̀mí tó kù fún un. Ẹ kọ́kọ́ da èyí tí ẹ kò lè rí rọ́pò kọ, ẹ fi orin àti fíìmù sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ pa á. Bó bá ti dákẹ́ pátápátá, tí ohun inú rẹ̀ sì ṣe pàtàkì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ìdérí rẹ̀ lórí tábìlì ojú pópó. Eruku Adjamé kan ṣoṣo lórí àwo yẹn, ó parí.

Bí ara dísìkì bá ṣì le, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè fi wáyà USB kan so SSD mọ́ kọ̀ǹpútà níta, kí ẹ wá lo ètò bíi Clonezilla láti da gbogbo rẹ̀ kọ bó ṣe wà, pẹ̀lú Windows inú rẹ̀. Clonezilla fẹ́ kí ibi tí à ń dà á kọ sí tóbi tó ibi tí à ń dà á kọ látinú rẹ̀, tàbí kó jù ú lọ. Láti 500 bọ́ sí 240, wàhálà ni. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi Windows tuntun sínú SSD, kí ẹ wá kó fáìlì yín nìkan wọlé. Òun ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn láti lò. Ìdọ̀tí ọdún mẹ́wàá wà nínú ti àtijọ́, fáírọ́ọ̀sì tó gun flash wá láti ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbẹ́ yunifásítì náà wà níbẹ̀. Kí lẹ fẹ́ gbé gbogbo ìyẹn lọ sílé tuntun fún?

Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ẹ fún un láyè. Fáìlì gígábáìtì 300 tó ń gba ihò USB 2.0 kọjá, wákàtí mẹ́ta ni. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní ihò USB tí inú rẹ̀ jẹ́ búlúù, ibẹ̀ ni kí ẹ lò, á dín in kù gan-an. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bátìrì kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti kú tipẹ́. Bí CIE, iléeṣẹ́ mànàmáná wa níbí, bá mú iná lọ láàárín méjì, ibi tó bá dé ló dé. Ẹ rántí oṣù karùn-ún ọdún 2021 tí wọ́n ń pín iná fún wa bí oúnjẹ ọ̀fẹ́. Ẹ yá onduleur, ẹ̀rọ tó ń gbé iná dúró nígbà tí iná bá lọ, lọ́wọ́ aládùúgbò, tàbí kí ẹ ṣe é ní òru tí kò sí afẹ́fẹ́ òjò.

Síkúrù wá kù. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù nínú rẹ̀ jáde. Ẹ tú ìdérí, ẹ fa dísìkì sẹ́yìn, ẹ má fà á sókè. Ẹ yọ férémù irin tó wà lára rẹ̀, ẹ dè é mọ́ SSD, ẹ tì í wọlé títí á fi wọlé tán. Síkúrù yàtọ̀ síra, ẹ tò ó sórí bébà bí ẹ ṣe tú u. Ó tán.

Bí ọwọ́ yín kò bá gbà á, ẹ gbé e lọ bá oníṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n pọ̀ ní Williamsville níbí. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè o. Títú síkúrù àti fífi SSD sí i kò ju wákàtí kan lọ, ẹ lè fi àkókò yẹn ra gàrí kí ẹ padà, àmọ́ ó sàn kí ẹ jókòó. Bó bá sì ṣe tán, dísìkì àtijọ́ ti yín ni, ẹ gbà á sọ́wọ́. Àwọn kan máa ń fi í sílẹ̀ kí oníṣẹ́ lè dín owó kù fún wọn. Ẹ má dán an wò.

Ẹ gbọ́ ìdí. Ní ọdún 2005, àjọ kan láti Amẹ́ríkà, Basel Action Network, wá sí Èkó, wọ́n wo àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ń wọ Ikeja àti Alába. Wọ́n ra dísìkì lọ́jà, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn láti Kánádà ra dísìkì kan lọ́jà ní Ghana, 40 dọ́là péré. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ìwé àdéhùn iléeṣẹ́ Northrop Grumman pẹ̀lú ìjọba Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀, ti mílíọ̀nù dọ́là. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà ogun nìyẹn o, tó ní àwọn amòye tó ń sanwó fún. Tó bá lè ṣẹlẹ̀ sí wọn, kí ni ti akọ̀wé ẹgbẹ́ wa? Bí ẹ bá pa fáìlì rẹ́, tí ẹ tilẹ̀ da gbogbo inú garawa ìdọ̀tí nù, orúkọ rẹ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà fa igi sí lórí nínú ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lórí àwo títí òmíràn á fi kọ lé e.

Nítorí náà, bí dísìkì àtijọ́ bá ṣì le, ẹ ra páálí USB kékeré fún un, kó di ibi tí ẹ̀dà kejì ń gbé. Iṣẹ́ yẹn bá a mu ju SSD lọ. SSD tí ẹ jù sínú àpótí nínú yàrá gbígbóná fún ọdún gbọọrọ láìtàn án lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Bó bá sì ti kú, ẹ fi òòlù fọ́ àwo inú rẹ̀, ẹ bo ojú yín kí ẹ tó ṣe é, nítorí gíláàsì ni àwo inú ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ó ku ohun kan tí SSD kò lè tún ṣe. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025. Windows 11 sì ní òun kò bá kọ̀ǹpútà tí ọpọlọ Intel rẹ̀ kò tó ìran kẹjọ ṣe, ìyẹn àwọn tó jáde láti ọdún 2017. Gbogbo T420 àti 8460p tí mo ń yìn láti àárọ̀ ti já nìyẹn. Àwọn oníṣẹ́ kan mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú láti fi 11 sí i tipátipá. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé òun á máa tọ́jú rẹ̀. Fún ẹni tó ń tẹ ìwé tó sì ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fara mọ́ Linux Mint dípò Windows. Ọ̀fẹ́ ni, ó sọ èdè Faransé, LibreOffice ti wà nínú rẹ̀, ìrántí RAM gígábáìtì 4 tó o. Ẹni tó ń lo ètò ìṣirò ọjà tó jẹ́ ti Windows nìkan, kó rò ó dáadáa kó tó náwó lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹni tí RAM rẹ̀ kò ju 2 lọ, tí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti là, tí ìdè rẹ̀ ti já, èmi ò ní kó ra SSD. Kó fi owó yẹn kún ti òmíràn.

Àkókò ti tán mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ bátìrì ni, àti ìdí tí ṣájà ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà fi lè sun ilé.